Ọpọ́n Ayò Tó Kúrò Nínú Dígí

Ẹ má tíì bínú sí Ọláníran. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé òpin ná, kí ẹ lè bínú sí i dáadáa. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí a kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí a má bù ú kù, kí a má sì fi ata sí i. Ó ní ẹni tó bá bá ara rẹ̀ pàdé níbẹ̀, kó yáa tètè ronú.

Ọdún 1984 ni. Àwọn ṣọ́jà ti gba ìjọba, nǹkan sì ti wọ́n kọjá sísọ. Orí ìlà ni à ń tò sí ká tó rí ọṣẹ rà. Mílíìkì ti di ohun tí à ń ròyìn fún ọmọ. Ní ilé-ìwé gírámà kan ní Odigbo, wọ́n ti dá tíṣà mẹ́sàn-án dúró. Ọláníran, tíṣà àwòrán yíyà, ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹnu sì ń ya gbogbo ènìyàn.

Ohun tó gbà á sílẹ̀ ni pé òun ló ń tọ́jú mùsíọ̀mù, ilé ọnà ilé-ìwé náà.

Ilé alámọ̀ kékeré kan ni, páànù rẹ̀ ti dógùn-ún, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ilé-ìwé ló wà. Ní nǹkan bí ọdún 1936, nígbà tí àwọn ará abúlé ń di onígbàgbọ́, wọ́n ń ru ère àti ohun ọnà baba wọn wá fún àlùfáà pé kó sun wọ́n. Àlùfáà ń sun èyí tó burẹ́wà níṣojú wọn, ó sì ń kó èyí tó rẹwà pamọ́ sínú ilé yìí. Irọ́ ẹni mímọ́ ni ìpìlẹ̀ mùsíọ̀mù náà, ẹ sì wò ó, kò tíì wó.

Ohun mọ́kànlélọ́gọ́rin ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí àlejò máa ń béèrè ni nọ́ńbà kẹtàdínlógún, tí wọ́n gbé sínú dígí: ọpọ́n ayò kan, dúdú minijọ, tó jókòó lórí obìnrin méjì tó kúnlẹ̀. Ọ̀kan ń rẹ́rìn-ín, èkejì fajú ro. Àwọn àgbà ní ìyàwó ọ̀ta ni èyí tó ń rẹ́rìn-ín, ìyàwó òpè lèkejì. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀ta ni ẹni tó mọ ayò ta, òpè sì ni ẹni tí wọ́n ń fi ṣẹ̀sín.

Ọláníran, ọ̀ta ni. Àìsàn tó ń ṣe é gan-an nìyẹn.

Ẹnì kejì tó tún ní kọ́kọ́rọ́ ilé náà ni Elisha, ọlọ́dẹ ilé-ìwé. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni, àgbà tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Láràárọ̀, pẹ̀lú aṣọ funfun àti ẹsẹ̀ lásán, á gbé agogo rẹ̀, á yí mùsíọ̀mù ká lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ẹ̀yin ère, ẹ jókòó jẹ́ẹ́ yín o! Ẹ kò ní rìn, ẹ kò ní sọ̀rọ̀, ẹ kò ní wọ inú àlá ẹnikẹ́ni!"

Lẹ́yìn náà ni yóò gbé ìgbálẹ̀, tí yóò sì nu eruku ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wẹ ọmọ.

Ọláníran bi í nígbà kan pé, "Bàbá Elisha, bí ẹ bá kórìíra wọn tó báyìí, kí ló dé tí ẹ ń ṣọ́ wọn?"

"Tíṣà, iṣẹ́ mi ni kí n ṣọ́ wọn. Wọn ò san owó ìfẹ́ mọ́ ọn."

Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, epo dísẹ́ẹ̀lì dàwátì. Ní oríta Ore, tírélà tò láti ilé epo títí ojú kò fi rí ìparí wọn. Àwọn dẹ́rẹ́bà ń sùn sábẹ́ ọkọ̀, wọ́n ń sáṣọ sórí táyà, wọ́n sì ń ta ayò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé kan ni Ọláníran gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sí Ore láti ra gààrí. Kò rí gààrí. Ohun tó rí ni àwọn ọkùnrin mẹ́wàá tí wọ́n ṣùjọ sídìí ihò méjìlá tí wọ́n gbẹ́ sínú erùpẹ̀, tí wọ́n ń fi òkúta wẹ́wẹ́ ta ayò.

Ọkàn rẹ̀ bàjẹ́. "Ọpọ́n yín dà?"

"Ẹlẹ́kọ ti fi dáná," ni wọ́n dá a lóhùn. "Kẹrosíìnì ò sí."

Monílọ́lá, ẹlẹ́kọ ọ̀hún, gbójú sókè nídìí ìkòkò rẹ̀. "Ṣé ẹ fẹ́ jẹ ẹ̀kọ tútù ni? Ọpọ́n kò kúkú dùn ún jẹ."

Ọláníran jókòó. Ó pa àwọn mẹ́rin láyò kí oòrùn tó yẹ̀. Ìgbà náà ni ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn kan, dẹ́rẹ́bà ará Ìlọrin tó ń jẹ́ Gàzálì, wá jókòó síwájú rẹ̀. Ọláníran pa òun náà.

Gàzálì rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, ẹ gbìyànjú. Ṣùgbọ́n inú erùpẹ̀ nìyí, adìẹ náà lè ta á. Bó bá jẹ́ orí ọpọ́n gidi ni, à bá mọ ọ̀ta."

"Ọpọ́n tó wà níkàáwọ́ mi, ojú rẹ kò rí irú ẹ̀ rí."

"Ẹṣin tó wà nílé kọ́ là ń gùn rọ́jà, Tíṣà. Ẹ gbé e wá."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn bá Ọláníran sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sì bá a lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú. Ó ń bi ara rẹ̀ pé: ọpọ́n tí kò rí ọmọ ayò láti àádọ́ta ọdún, ṣé ọpọ́n ni àbí òkú? Ṣé kì í ṣe àánú ni kéèyàn gbé e jáde fún wákàtí méjì péré?

Ẹ̀yin òǹkàwé, nígbà tí ẹ bá ti rí i pé ẹ ń pe ohun tó ń wù yín ní àánú, ẹ sá.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù náà, lẹ́yìn tí ilé-ìwé parí, Ọláníran ṣí dígí. Ó fi ìró ìyàwó rẹ̀ kan wé ọpọ́n náà, ó sì so ó mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. Fadékẹ́, ìyàwó rẹ̀, tó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní aṣọ rírán ní ilé-ìwé kan náà, pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà.

"Bàbá Lọ́pẹ́, kí lẹ pọ̀n sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ bí ọmọ tuntun?"

"Iṣẹ́ ìjọba ni."

"Iṣẹ́ ìjọba wo ló ń ró ìró mi?"

Ó ti wa kẹ̀kẹ́ lọ.

Nígbà tó tú ìró náà ní Ore, àwọn dẹ́rẹ́bà dìde dúró. Àgbà kan ṣí fìlà. Àfi Gàzálì nìkan ló fi ọwọ́ pa orí ìyàwó òpè, tó ní, "Ìyá yìí jọ ìyàwó tíṣà kan tí mo mọ̀."

Àṣà kan wà ní ìdíkọ̀ náà tí kò sí ẹni tó lè yẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá borí lọ́jọ́ kan, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọpọ́n máa sùn. Bó bá wá ṣe pẹ́ tó, bó bá ṣe jìnnà tó, dandan ni kó gbé e padà fún ẹni tó pa láyò, kí ìyẹn lè gbẹ̀san. Wọ́n ní ọpọ́n kì í sùn nílé òpè.

Ọláníran gba àṣà náà tayọ̀tayọ̀. Kí ló kàn án? Òun náà kúkú ni yóò máa borí.

Ó sì borí. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ló fi pa wọ́n láyò bí ẹni ń pa kòkòrò. Ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan ni yóò gbé ọpọ́n náà padà sínú dígí, tí yóò sì fi ìró ìyàwó rẹ̀ nù ún. Wọ́n ti ń pè é ní Ọ̀ta Odigbo. Àwọn tó ń lọ sí Bìní ń yọrí lójú fèrèsé ọkọ̀ láti wò ó. Tíṣà tí kò rí owó oṣù gbà láti oṣù mẹ́rin ń rìn bí ọba.

Ọjọ́ kẹwàá pé. Gàzálì, tó ti ń fìdí rẹmi lójoojúmọ́, jókòó, ó na ọwọ́, ó sì jẹ ọmọ mẹ́sàn-án lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó tún jẹ mẹ́fà. Ó kó odù jọ sí ojú kan títí ojú náà fi kún àkúnwọ́sílẹ̀.

Òógùn bo Ọláníran. "Kí ló ṣẹlẹ̀ sí ọ lónìí?"

"Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi ń kàwé yín, Tíṣà. Òní ni ìdánwò."

Eré méje ni wọ́n ta. Gàzálì jẹ mẹ́rin, Ọláníran jẹ mẹ́ta. Ariwo sọ. Gàzálì ti gbé ọpọ́n, ìró àti gbogbo rẹ̀, sábẹ́ apá.

"Dúró ná," ni Ọláníran wí. "Ọpọ́n yìí kì í sùn níta."

"Háà! Ẹ gbọ́ bí ọ̀ta ṣe ń bẹ̀bẹ̀ bí òpè!"

"Ó fẹ́ sunkún! Ẹlẹ́kọ, ẹ bá wa fún Tíṣà lẹ́kọ, ẹ fi ṣúgà sí i!"

Gbólóhùn kan péré ni ì bá yọ ọ́: "Ọpọ́n yìí kì í ṣe tèmi." Gàzálì ì bá dá a padà lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá sọ ọ́, Ọ̀ta Odigbo á di ẹni tó jí ọpọ́n gbé wá pàdánù. Ó gbé gbólóhùn náà mì.

"Ó dáa. Gbé e lọ. Ọ̀la ni."

"Ọ̀la ni, Tíṣà. Inú tírélà mi ló máa sùn, ibẹ̀ náà nilé mi."

Ọláníran kò ronú pé ilé tó ní táyà méjìdínlógún lè má sí níbẹ̀ lọ́la. Nígbà tó dé Ore ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ojú títì mọ́ fofo. Ọkọ̀ epo ti dé láàárọ̀. Àwọn tírélà ti lọ. Ohun tó ṣẹ́kù kò ju èèpo ẹ̀pà àti ojú epo dúdú nílẹ̀.

"Gàzálì ńkọ́?" ló bi Monílọ́lá.

"Ó ti lọ. Ó ní kí n kí yín."

"Ibo ló lọ?"

"Mo ha mọ̀? Tírélà kì í sọ ibi tó ń lọ fún ẹlẹ́kọ."

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù, lẹ́tà dé láti Àkúrẹ́. Kápútéènì kan ń bọ̀ wá wo ilé-ìwé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹfà oṣù kọkànlá. Yóò wo iye tíṣà tó pọ̀ jù, yóò sì wo mùsíọ̀mù bóyá kí wọ́n tì í pa. Ọ̀gbẹ́ni Ògúndípẹ̀, pírínsípà, fa Ọláníran lọ́wọ́, wọ́n wọ ilé ọnà.

Dígí ṣófo.

"Ọláníran, ọpọ́n dà?"

Ó rí ìwé ìdádúró lójú ara rẹ̀, ó rí orúkọ ara rẹ̀ lórí rẹ̀. Kó tó dáhùn, pírínsípà ti dáhùn fún un.

"Àwọn ta ló ní kọ́kọ́rọ́? Ìwọ àti Elisha. Elisha! Ẹni tó ń fi agogo bá ère wí láràárọ̀! Ṣé kò ti sun ún?"

Ọ̀nà ṣí sílẹ̀ gbayawu níwájú Ọláníran. Kò pa irọ́. Ohun tó ṣe burú ju irọ́ lọ.

"Mi ò lè sọ, sà."

Wọ́n ránṣẹ́ pe Elisha. Ó wò yí ká nínú ilé náà, ó sì mi orí.

"Sà, ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń ṣọ́ wọn. Bí mo bá fẹ́ sun wọ́n, ṣé ọpọ́n ayò ni máa kọ́kọ́ mú? Èyí tó níwo mẹ́ta lọ́hùn-ún ńkọ́?"

"Kó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀," ni pírínsípà wí. "Nígbà tí àwọn ṣọ́jà bá dé, wàá ṣàlàyé fún wọn."

Elisha tú kọ́kọ́rọ́ ní ìgbànú rẹ̀. Ó yíjú sí Ọláníran.

"Tíṣà, ẹ̀yin náà ń wọ ibí lójoojúmọ́. Ẹ kò rí nǹkan kan?"

"Mi ò rí nǹkan kan, Bàbá."

"Kò burú. Màá gbàdúrà kí Ọlọ́run fi ẹni náà hàn."

"Àmín," ni Ọláníran wí.

Àmín náà gbé e lọ́fun bí egungun ẹja.

Láti ọjọ́ náà, ẹnu géètì ni Elisha ń jókòó sí, nínú aṣọ funfun, ó ń gbààwẹ̀, ó ń lu agogo. Bí Ọláníran bá ń ya ìlà sójú pátákó, á gbọ́ agogo. Bó bá ń jẹun, á gbọ́ agogo. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ rí i pé tíṣà ya àga, àga náà sì ní ẹsẹ̀ márùn-ún.

Nílé, Fadékẹ́ ń fi ojú ṣọ́ ọ. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀.

"Bàbá Lọ́pẹ́, ìró mi dà?"

"Ó wà níbì kan."

"Wọ́n ní ọpọ́n kan sọnù."

"Wọ́n ní bẹ́ẹ̀."

"Mi ò béèrè ọpọ́n lọ́wọ́ yín. Ìró mi ni mò ń béèrè. Ẹni tó bá rántí ibi tí ìró mi wà, á rántí nǹkan mìíràn."

Ọláníran bu òkèlè. Fadékẹ́ gbé àwo ọbẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì jáde.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun dé. Kápútéènì náà kò tíì tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ṣùgbọ́n "ìwọ" ló ń pe gbogbo àgbà. Ṣọ́jà méjì tẹ̀ lé e pẹ̀lú kòbókò. Gbogbo tíṣà tò bí ọmọ ilé-ìwé. Ó wọ ilé ọnà, ó jáde.

"Mo rí káàdì tí wọ́n kọ ọpọ́n ayò sí. Mi ò rí ọpọ́n ayò."

"Wọ́n jí i, sà," ni pírínsípà wí. "Ẹni tó jí i nìyẹn lẹ́nu géètì."

Wọ́n mú Elisha wá.

"Ìwọ lo jí i?"

"Rárá, sà."

"Ìwọ lo sun ún?"

"Rárá, sà."

"Dùbúlẹ̀."

Bàbá náà rọra gbé agogo rẹ̀ sílẹ̀, ó ká aṣọ funfun rẹ̀ kó má baà dọ̀tí, ó sì dùbúlẹ̀. Ṣọ́jà gbé kòbókò sókè.

Ọláníran ti máa ń sọ fáwọn ènìyàn pé òun ti la ẹnu láti jẹ́wọ́ nígbà náà. Ó ní kí a kọ òótọ́ báyìí: kò là á.

Fèrè tírélà ló dún lẹ́nu géètì, gbóòò, bí ohùn ọjọ́ ìdájọ́. Kò tíì sí ẹni tó mọ ohun tí yóò ṣe tí Gàzálì ti ń bọ̀ wéréwéré láàárín pápá, ẹrù kan lábẹ́ apá rẹ̀, eyín rẹ̀ sì funfun báláú.

"Tíṣà! Ọ̀ta Odigbo! Ẹ má bínú sí mi, Kánò ni wọ́n rán mi lọ lójijì! Ṣé ẹ rò pé mo ti sá ni? Ọpọ́n yín rèé. Ẹ jókòó, ẹ wá gbẹ̀san!"

Ó tú ẹrù náà. Ìyàwó ọ̀ta yọjú síta, ó ń rẹ́rìn-ín.

Láti orí ìlà àwọn tíṣà ni ohùn obìnrin kan ti jáde.

"Ìró mi rèé," ni Fadékẹ́ wí.

Kápútéènì wo ọpọ́n, ó wo Gàzálì, ó wo Ọláníran. "Ọ̀gbẹ́ni, ṣé ìwọ lò ń jẹ́ Ọ̀ta?"

"Sà..."

"Mo ní ṣé ìwọ ni?"

"Èmi ni, sà. Èmi ni mo gbé e. Bàbá yìí kò mọ nǹkan kan níbẹ̀."

"Ṣé ìsinsìnyí lo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí?"

Wọ́n ní kó fọwọ́ di etí mú, kó máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ yí mùsíọ̀mù ká. Tíṣà ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì ń fò, bàtà rẹ̀ kan já, àwọn ọmọ kíláàsì kẹta sì ń bá a ka iye rẹ̀ sókè láìṣe pé ẹnikẹ́ni rán wọn. Ìgbà tó yí i dé ẹ̀ẹ̀kẹrin, ó rí Kápútéènì tó ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì, tí òun àti Gàzálì ń ta ayò. Gàzálì pa á. Kápútéènì ní ọ̀mì ni. Ta ni yóò bá ìbọn jiyàn? Inú rẹ̀ dùn, ó ní kí wọ́n má ti ilé ọnà pa.

Ọláníran ni wọ́n tì síta. Wọ́n gbé e lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ago Alaye, kó máa kọ́ àwọn ọmọ kékeré ní ABD. Kọ́kọ́rọ́ méjèèjì di ti Elisha.

Kó tó kó ẹrù rẹ̀ lọ, ó lọ sílé Elisha. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá, ẹ dárí jì mí. Ẹ kò mọ ohun tí..."

"Mo mọ̀ ọ́n," ni Elisha wí. "Mo rí yín lọ́jọ́ tí ẹ so ó mọ́ kẹ̀kẹ́. Mo tún ń rí yín bí ẹ ṣe ń dá a padà nírọ̀lẹ́. Mo ní, ṣebí ó ń gbé e padà, ẹ jẹ́ kó gbafẹ́ díẹ̀."

Ọláníran gbórí sókè. "Ẹ mọ̀? Ẹ mọ̀, ẹ sì dúró kí wọ́n nà yín?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Bó bá di kòbókò kejì, ǹ bá ti pariwo orúkọ yín. Ènìyàn ni mí, Tíṣà, n kì í ṣe áńgẹ́lì."

"Àdúrà tí ẹ wá ń gbà, pé kí Ọlọ́run fi ẹni náà hàn ńkọ́?"

"Kì í ṣe fún mi. Èmi ti mọ̀ ọ́n. Mo ń retí pé ẹ máa wá. Mo ní tíṣà ni, ọmọ ilé ire ni, bó pẹ́ bó yá, ó máa rìn dé ẹnu géètì yìí, á sì sọ fún pírínsípà fúnra rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá gbọ́ ẹsẹ̀, mo máa ń yíjú wò."

Ó nawọ́ sí i. "Ẹ dìde. Ilẹ̀ tutù."

Ọláníran ní ìrora ọ̀pọ̀lọ́ fífò kò lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ lórúnkún òun. Ẹ̀rín àwọn ọmọ kíláàsì kẹta, ó tó ọdún kan kó tó gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá kan jókòó sẹ́nu géètì fún ọjọ́ mọ́kànlá, ó ń yíjú wo ọ̀nà, òun kò sì wá. Ìyẹn ló ní kí a kọ fún yín.